Ọmọ yín fẹ́ wá kàwé nílé: bọ́dìn àbí ilé màmá, Ifẹ̀ àbí Iléṣà?

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù o. Tọ́dún bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí ni fóònù mi máa ń dún, ẹni tó wà ní Manchester ń pè, ẹni tó wà ní Houston ń pè, ìbéèrè kan náà ni gbogbo yín ń bi mí: "Àǹtí, ilé ìwé wo ló dáa n'Ífẹ̀ tàbí ní Iléṣà tá a lè mú ọmọ wa wá?" Ìdí tẹ́ ẹ fi ń bi mí ò ju pé Iléṣà ni wọ́n bí mi sí, Ifẹ̀ ni mò ń gbé, mo sì ti ṣe gádíánì fún ọmọ mẹ́ta tí òbí wọn ò sí nílé, àkọ́kọ́ nínú wọn ti wà ní fásitì báyìí. Mo ti ń dáhùn lórí fóònù títí ohùn fi há, mo ní kí n kúkú jókòó kọ ọ́, kí n gbé ọ̀kan síwájú èkejì, kí kálukú wo èyí tó bá tiẹ̀ mu.

Ohun tó ká mi lára jù ni mo fẹ́ fi ṣíwájú. Ẹ má tíì máa wá ilé ìwé, ẹni ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Ta lẹ ní nílé tí wọ́n bá pè ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ tó lè dé ẹnu géètì ilé ìwé yẹn kó tó di aago mẹ́wàá? Ẹni náà dẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó lè bá ọ̀gá ilé ìwé sọ̀rọ̀ tójú ò ní tì í. Ibi tónítọ̀hún ń gbé ló máa sọ ilé ìwé tẹ́ ẹ lè mú. Tẹ́ ẹ bá mú ilé ìwé kẹ́ ẹ tó mú ẹni, ẹ ti kọ́ òrùlé kẹ́ ẹ tó mọ ògiri.

Ojú mi ló rí i. Ọmọ àbúrò mi ọkùnrin lọmọ àkọ́kọ́ yẹn, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà yẹn, bàbá ẹ̀ ti rí ilé ìwé bọ́dìn kan lórí fóònù, lẹ́yìn ìlú ló wà, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, koríko ibẹ̀ tutù minimini, wọ́n ní adágún ìwẹ̀, gbogbo ọmọ tó wà nínú fídíò ló ń rẹ́rìn-ín. Láti ọ̀hún ló ti kún fọ́ọ̀mù, níbi tí wọ́n ti ní kó kọ nọ́ńbà òbí, ó kọ tiẹ̀, ó kọ ti ìyàwó ẹ̀, +44 làwọn méjèèjì. Ó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọjọ́ Sunday kan báyìí, mo din ẹran díẹ̀ sínú kúlà kékeré, mo ní kí n lọ wo ọmọ yìí. Kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n ní ká wá, géètìmáànù ò fẹ́ ṣílẹ̀kùn, mo bẹ̀ ẹ́ títí. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo bá a, ọ̀sán gangan, oòrùn ń mú, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo orí, eyín ẹ̀ ń gbá ara wọn. Ọjọ́ kẹta ibà nìyẹn o! Paracetamol ni wọ́n ń fún un láti àárọ̀ Friday. Mo bi métírọ̀n pé kí ló dé tẹ́ ẹ ò pè wá, obìnrin náà ò bínú, ó lọ mú fọ́ọ̀mù jáde, ó nawọ́ sí i, ó ní, "Mà, nọ́ńbà ìlú òyìnbó nìkan ló wà níbí, fóònù ọ́fíìsì ò lè pe ìlú òyìnbó."

Òótọ́ ló sọ. Mo gbé ọmọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó di ọsibítù, ọjọ́ mẹ́rin la lò níbẹ̀. Dókítà ló wá là mí lóye pé ọmọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún, tó dàgbà sọ́hùn-ún, ara ẹ̀ ò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá ibà jà rárá, ibà tọ́mọ tibí máa fi ọjọ́ méjì gbé káàkiri lè dá tọ̀hún dùbúlẹ̀ kó sì di ewu. Látìgbà yẹn, ilé ìwé yòówù kí n bá èèyàn wò, nọ́ńbà ẹni tó wà nílé ló ń kọ́kọ́ wọ fọ́ọ̀mù, tòbí á wá tẹ̀ lé e.

Ìwé ọmọ ńkọ́?

Kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ìwé tọ́mọ fi ń gbé ìlú tẹ́ ẹ wà, torí èyí ti ba ọ̀pọ̀ nǹkan jẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn mi. Ní UK, ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ nígbà tí òbí ẹ̀ ò tíì ní ìwé gbélùú, tó bá gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ láyé ẹ̀, tí kò sì kúrò níbẹ̀ ju 90 ọjọ́ lọ nínú ọdún kọ̀ọ̀kan, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti forúkọ sílẹ̀ di ọmọ ìlú. Tẹ́ ẹ bá wá mú ọmọ ọdún mẹ́jọ wálé pé kó wá mọ Yorùbá, ọ̀nà yẹn ti dí mọ́ ọn nìyẹn. Èyí tó ní ILR, ìyẹn ìwé gbélùú títí lọ ti UK, tó bá ti lò ju ọdún méjì lọ níta láì padà débẹ̀, ìwé yẹn ti kú. Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, tọ́mọ tó ń lo green card bá lò ju ọdún kan lọ níta láì kọ́kọ́ gba ìwé ìpadàwọlé, ìbéèrè tí wọ́n máa bi yín ní ẹnubodè á le. Kánádà ní tiwọn, ẹni tó ní PR, ìwé gbélùú tiwọn, gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fún 730 ọjọ́ nínú ọdún márùn-ún.

Àwọn tọ́mọ wọn ti ní pásípọ́ọ̀tù ìlú ọ̀hún máa ń sọ pé, "Àǹtí, tiwa ti parí." Kò tíì parí o. Ní England, kí ọmọ tó lè san owó fásitì bí ọmọ ìlú, kí ìjọba sì tó yá a lówó, wọ́n máa wò ó bóyá ibẹ̀ ló ń gbé fún ọdún mẹ́ta kí kọ́ọ̀sì ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún ẹ̀kọ́ 2025/26, £9,535 lèyí tó pọ̀ jù tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ ọmọ ìlú, tàjèjì sì lè ju ìlọ́po méjì ẹ̀ lọ. Ọmọ tó bá wá ṣe JSS 1 dé JSS 3 tó padà sọ́hùn-ún kò ní ìyọnu níbi tèyí dé. Èyí tó bá jókòó títí tó fi ṣe SS 3 tán, tó wá kó ẹrù pé òun ń padà lọ sí fásitì ní September ọdún yẹn, wọ́n lè pè é ní àjèjì pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù wọn lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ tètè mọ̀ kẹ́ ẹ fi ṣètò.

Bọ́dìn àbí kó máa ti ilé lọ

Ohun tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu yín ni pé, "A ò lẹ́nìkan nílé tó lè mójú tó o, ẹ jẹ́ ká fi sí bọ́dìn." Òdìkejì ni mo rí o. Ọmọ tó wà ní bọ́dìn gan-an ló nílò ẹni tó wà nítòsí jù. Táàmù mẹ́ta ló wà lọ́dún, táàmù kọ̀ọ̀kan ló ní mid-term tiẹ̀, tí wọ́n á ní kí gbogbo ọmọ máa lọ sílé fún ọjọ́ mélòó kan, ilé ta ni tiyín máa lọ? Tó bá ṣàìsàn ńkọ́, tí síníọ̀ gba pirofísọ̀n ẹ̀ ńkọ́, tí sálúbàtà já lọ́sẹ̀ kejì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ bọ́dìn ni kì í jẹ́ kọ́mọ mú fóònù wọlé, ọmọ tó ti ń bá màmá ẹ̀ sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá wù ú, ó wá di pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló máa gbóhùn ẹ̀ lórí fóònù métírọ̀n, ìṣẹ́jú márùn-ún, ọmọ ogójì wà lórí ìlà lẹ́yìn ẹ̀.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má fi ọmọ sí bọ́dìn. Bọ́dìn tó dáa máa ń mú kọ́mọ mọ àkókò, aago yìí ìwẹ̀, aago yìí ìwé kíkà, iná ò ní lọ kó má kàwé torí wọ́n ní jẹnẹrétọ̀. Ọmọ àkọ́kọ́ yẹn, nígbà tá a yí ilé ìwé ẹ̀ padà sí èyí tí mo lè dé ní ogún ìṣẹ́jú, ó wá di ẹni tó ń dá aṣọ ẹ̀ fọ̀. Ẹ bá mi wo ọmọ tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń fọ aṣọ wọn nílé, ó jókòó sórí àpótí kékeré, ó ń fi ọṣẹ ra ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì funfun ẹ̀, ó ń gbé e sókè wò nínú oòrùn bóyá ó ti mọ́, ó tún tì í bọ omi. Mo yà á ránṣẹ́ sí bàbá ẹ̀, ọkùnrin náà ò lè sọ̀rọ̀.

Ọmọ kẹta ni tilé. Ilé màmá wa ní Iléṣà ló gbé, tó ń tibẹ̀ lọ sílé ìwé. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ó máa ń sọ fún ìyá ìyá ẹ̀ pé "ìwọ", "ṣé o ti jẹun," torí bó ṣe ń gbọ́ táwọn òbí ẹ̀ ń sọ fún òun gan-an nìyẹn, kò mọ̀ pé ó ní bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fágbà. Màmá ò nà án, wọn ò pariwo mọ́ ọn, wọ́n kàn máa ń ṣe bí ẹni tí ò gbọ́ ni, títí tó fi máa sọ "ẹ". Lálẹ́, wọ́n á gbé àwo ẹ̀wà sáàárín, àwọn méjèèjì á máa ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀, màmá á máa sọ ìtàn ìgbà tí bàbá wọn ń ṣe Òṣómàáló lọ sílé onílé, tó ń gbé aṣọ títà lórí. Kí táàmù kan tó parí, ọmọ yìí ti ń kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, ó mọ orúkọ ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀ gbogbo, ó mọ ẹni tó jẹ́ ọmọ ta. Kò sí bọ́dìn tó lè ṣe ìyẹn, ẹ ò báà sanwó bí i kí ni.

Àmọ́ nígbà tó wọ SS 1, nǹkan yàtọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ti gùn ju màmá lọ, màmá ti sùn ní aago mẹ́jọ, ta ló mọ ìgbà tó wọlé? Ìpàdé òbí ńkọ́, ẹsẹ̀ màmá ò gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé ìwé mọ́. Iṣẹ́ ilé tó gbé wálé, kò sẹ́ni tó lè bá a wo Physics. Ibẹ̀ la ti gbé e lọ sí bọ́dìn. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo yín pé, tẹ́ ẹ bá ní ìyá tára ẹ̀ ṣì le, ilé ìyá ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ láti JSS 1 dé JSS 3, kẹ́ ẹ wá fi bọ́dìn parí ẹ̀. Òdìkejì ni ọ̀pọ̀ yín ń ṣe, ẹ ń fi ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ò tíì gbọ́ èdè, tí ò tíì mọ oúnjẹ, sáàárín ọgọ́rùn-ún ọmọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, tó bá wá balágà tán lẹ ń gbé e fún ìyá àgbà.

Irú ilé ìwé tó wà

Tijọba àpapọ̀: ọmọbìnrin lè lọ sí Federal Government Girls' College tó wà ní Ìpetumodù, lọ́nà Ìbàdàn, kò jìnnà sí Ifẹ̀. Ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe Common Entrance tí NECO ń ṣètò. Ohun tó dáa níbẹ̀ ni pé ọmọ gbogbo ìpínlẹ̀ ló wà níbẹ̀, owó ẹ̀ sì dínkù púpọ̀ sí tàwọn aládàáni. Ohun tó le ni pé èrò pọ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ọmọ tó ti ń dá sùn nínú yàrá tiẹ̀ á gbọ́n sí i kó tó mọ́ ọn lára. Ìdánwò yẹn náà ní irú ìbéèrè tí wọn kì í kọ́ wọn lọ́hùn-ún, ẹ wá tíṣà fún un láti bí oṣù mẹ́fà ṣáájú.

Àwọn ilé ìwé àtijọ́: ẹ̀yin bàbá lẹ máa ń dá mi láàmú lórí ìyẹn. Odùduwà College láti 1932, èyí tí Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí dá sílẹ̀, Iléṣà Grammar School láti 1934, èyí tí Ẹgbẹ́ Àtúnlùṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà dá sílẹ̀. Ibẹ̀ lẹ ti kàwé, ibẹ̀ ni bàbá yín ti kàwé, tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ orin ilé ìwé, omi ti bọ́ lójú. Mo mọyì ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yín ò ní jókòó sínú kíláàsì ọdún 1985, kíláàsì òní ló máa jókòó sí. Ẹ rán ẹni kan kó lọ ka orí ọmọ tó wà nínú kíláàsì kan, kó béèrè bóyá tíṣà Maths wà ní SS 2, kẹ́ ẹ tó fi ìfẹ́ àtijọ́ ṣèpinnu.

Ọgbà OAU, ìyẹn fásitì Ifẹ̀: ilé ìwé International tó wà níbẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù fọ́mọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tẹ́ ẹ bá ní ẹni tó ń gbé Ifẹ̀. Ọmọ àwọn olùkọ́ fásitì pọ̀ níbẹ̀, àwọn kan nínú wọn ti bá òbí wọn lọ òkè òkun rí tí wọ́n sì ti padà, ọmọ yín ò ní jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó ń fimú sọ òyìnbó, wọn ò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

Àwọn aládàáni: wọ́n pọ̀ láti Máyfíà n'Ífẹ̀ dé Mọ́dákẹ́kẹ́, láti Ìmọ̀ dé Ìṣokùn ní Iléṣà, èyí tó dáa dáa gan-an, èyí tó jẹ́ ilé gbígbé ni wọ́n kùn lọ́dà ló wà níbẹ̀ náà. Ohun mẹ́ta ni kẹ́ ẹ béèrè. Ìkíní ni ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀. Ìkejì ni nọ́ńbà sẹ́ńtà WAEC tiwọn gan-gan, torí àwọn kan ò ní, wọ́n á gba owó ọmọ láti JSS 1, tó bá di SS 3 wọ́n á kó wọn lọ ṣèdánwò ní ilé ìwé ibòmíì, níbi tí wọ́n ti ń kọ ìdáhùn sójú pátákó, ọmọ yín á gba A tí ò lè ṣàlàyé. Ìkẹta, ẹ béèrè bóyá wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ tó bá sọ "fanákúlà", ìyẹn Yorùbá. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí wọnú eegun. Ẹ̀ ń san owó ọkọ̀ òfuurufú torí kọ́mọ lè gbọ́ Yorùbá, ẹ wá fi síbi tí wọ́n ti ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹ̀ tó bá sọ ọ́! Ọmọ kejì tí mo tọ́jú lo ọdún méjì nírú ibẹ̀, nígbà tó padà lọ, Yorùbá tó gbọ́ ò ju èyí tó gbé wá lọ.

WAEC àbí ti òyìnbó

Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ló kọ "British" sára pátákó wọn, owó wọn sì fi ìyẹn gbéra sókè. Tó bá jẹ́ pé ọmọ yín máa padà kó tó pé ọdún mẹ́rìnlá, ẹ má sanwó rẹpẹtẹ torí orúkọ yẹn. JSS 1 dé JSS 3 tiwa bá Year 7 dé Year 9 tiwọn rìn, wọn ò dẹ̀ ní ìdánwò ńlá kankan níbẹ̀ láàárín ìgbà yẹn, ọmọ tó bá mọ Maths, tó mọ ìwé kà, tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, á bá wọn nílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ó máa dúró parí ẹ̀ níbí, WAEC ni, kó ní kírẹ́díìtì márùn-ún tí English àti Maths wà nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ sì tètè ṣe NIN fún un torí JAMB ò ní gbà á láì sí i.

Àárín méjèèjì yìí ni kòtò wà. Ní England, Year 10 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ GCSE, ìdánwò ńlá tiwọn, ọdún mẹ́rìnlá ni ọmọ máa ń wọ̀ ọ́, ọdún mẹ́rìndínlógún ló ń ṣèdánwò ẹ̀. Ọmọ tó bá padà dé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti pàdánù ìdajì, WAEC ò sì tíì sí lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹnìkan tí mo mọ̀ mú ọmọ ẹ̀ padà ní SS 2 torí pé inú bí i sí gádíánì, ọmọ yẹn dé ọ̀hún, ilé ìwé tó gbà á ní kó bọ́ sí kíláàsì àwọn tó fi ọdún kan dàgbà jù. Àyàfi tẹ́ ẹ bá fi síbi tí wọ́n ti ń ṣe IGCSE, ìyẹn irú GCSE tí wọ́n ń ṣe níta England, lóòótọ́, ìyẹn ni kẹ́ ẹ gba nọ́ńbà sẹ́ńtà Cambridge wọn kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ifẹ̀ àbí Iléṣà

Èyí ò gùn. Ilé ìwé tẹ́ ẹ lè yàn nínú ẹ̀ pọ̀ n'Ífẹ̀ ju Iléṣà lọ torí fásitì ti wà níbẹ̀ láti 1967, àwọn tíṣà lẹ́sìn tó mọ̀wé pọ̀ nígboro, ilé gbowó lórí. Iléṣà rọlẹ̀, nǹkan ò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, mọ̀lẹ́bí pọ̀ níbẹ̀ fẹ́ni tó jẹ́ Ìjẹ̀ṣà. Ní ti ìtọ́jú, ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ OAU ní ẹ̀ka ní ìlú méjèèjì, ọ̀kan n'Ífẹ̀, Wesley Guild ní Iléṣà. Bí ọgbọ̀n kìlómítà ló wà láàárín wọn, ó dà bíi pé kò jìnnà, àmọ́ ẹ má fi gádíánì sí Ifẹ̀ kẹ́ ẹ fọmọ sí Iléṣà, mo ti wa ọ̀nà yẹn lálẹ́ nínú òjò torí ikọ́ ọmọ, mi ò tún fẹ́ ẹ mọ́.

Ẹ rán ẹni yín lọ lọ́jọ́ Tuesday

Ọjọ́ tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá wo ilé ìwé, wọ́n ti gbálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni yín yà síbẹ̀ lọ́jọ́ Tuesday, ní bí aago kan ọ̀sán, láì sọ tẹ́lẹ̀, kó ní òun fẹ́ lo ilé ìyàgbẹ́. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Níbì kan, wọ́n mú mi gba ẹ̀yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì, mo ṣí ẹ̀rọ omi, ó hó fìììì, kò sí omi kankan. Garawa bí ọgbọ̀n wà lórí ìlà lẹ́bàá kànga, wọ́n fi ọ̀dà èékánná kọ orúkọ sára wọn, ọmọbìnrin kékeré kan dúró ti tiẹ̀ kí wọ́n má baà gbé e kúrò lórí ìlà, aago kan ọ̀sán, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ wà ní kíláàsì. Mi ò béèrè nǹkan míì. Níbòmíì, ilé ìyàgbẹ́ mọ́, mo wá yà sí ilé ìdáná, ohun tí wọ́n kọ sára pátákó náà ni mo bá nínú ìkòkò, ìrẹsì àti ẹ̀wà, ẹja wà nínú ọbẹ̀. Ibẹ̀ lọmọ àkọ́kọ́ ti jáde.

Kó wo ẹsẹ̀ àwọn ọmọ náà, kó wo ọrùn wọn, kó wo bí wọ́n ṣe ń wo tíṣà tó bá ń kọjá. Ọmọ tó bá ń wárìrì, ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ tí ẹgba ò kàn rí láyé ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ bá ọ̀gá ilé ìwé sọ ọ́ lójúkorojú kó tó wọlé.

Owó

Ẹ má fi pọ́n-ùn ka owó ilé ìwé, ó máa ń jẹ́ kó dà bí ẹ̀fẹ́ lójú yín, ẹ á kàn máa sanwó síbi tí ò yẹ. Owó tí wọ́n kọ ò tíì kó yunifọ́ọ̀mù, ìwé, lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́, owó PTA, pirofísọ̀n. Ẹ san án tààrà sínú akáǹtì ilé ìwé, kì í ṣe akáǹtì ọ̀gá, kì í sì í ṣe tèmi tàbí ti ẹnikẹ́ni nínú ẹbí, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì. Owó ti tú ọmọ ìyá ká lójú mi. Tẹ́ ẹ bá ti san tilé ìwé tán, ẹ rántí gádíánì, owó epo ọkọ̀ àti káàdì ìpè, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ láì jẹ́ kó béèrè. Ẹni tó ń fi tiẹ̀ lọ á lọ lẹ́ẹ̀kan, á lọ lẹ́ẹ̀mejì, ní ẹ̀ẹ̀kẹta á sọ pé ìdí òun ń ro òun.

Ẹ sọ fọ́mọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tan ọmọ. Ẹ má sọ fún un pé ẹ fẹ́ wá kí màmá àgbà fún ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ wá fi sílẹ̀ kẹ́ ẹ gbé pásípọ́ọ̀tù ẹ̀ lọ. Ọmọ kan tí wọ́n fi irú ẹ̀ gbé lọ sí Gánà gbé àwọn òbí ẹ̀ lọ sílé ẹjọ́ láti ibẹ̀, lọ́dún 2025 ọ̀rọ̀ náà ti dé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní London. Mi ò fi ilé ẹjọ́ dẹ́rù bà yín o. Ohun tí mo rí ni pé ọmọ kejì tí mo tọ́jú, wọ́n tàn án ni, oṣù mẹ́rin ló fi kọ̀ láti tú àpótí ẹ̀. Aṣọ ẹ̀ wà nínú ẹ̀ bí wọ́n ṣe dì í láti Birmingham, á mú ọ̀kan, á wọ̀ ọ́, á fọ̀ ọ́, á tún ká a padà síbẹ̀, ó ní bàbá òun lè dé nígbàkigbà. Àwọn méjì tó kù, wọ́n jókòó bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n jẹ́ kí wọ́n rí àwòrán ilé ìwé méjì kí wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n sọ ọdún tí wọ́n máa lò, wọ́n sì dúró lórí ẹ̀. Wọ́n sunkún náà, àmọ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé wọ́n ti ń bá ọmọ àdúgbò gbá bọ́ọ̀lù.

Ẹ mú un wá ní July, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń wọlé ní September. Kó gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Kó fi oṣù méjì yẹn jẹ ata, kó sùn nínú nẹ́ẹ̀tì, kí inú ẹ̀ rú tó bá máa rú nígbà tẹ́ ẹ ṣì wà lọ́dọ̀ ẹ̀. Garawa, ìkòkò ìmumi, àpótí onírin, ẹ má gbé ìkankan wá láti ọ̀hún, gbogbo ẹ̀ wà lọ́jà Àtàkúnmọ̀sà ní Iléṣà. Orúkọ tẹ́ ẹ bá máa kọ sára wọn, ọ̀dà ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́, máàkà máa ń ṣí kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì. Lẹ́yìn ìdérí àpótí náà, nínú, ẹ kọ nọ́ńbà gádíánì síbẹ̀ gàdàgbà. Tèmi ṣì wà nínú àpótí tọmọ àkọ́kọ́ yẹn lò, ọ̀dà funfun, àwọn ọmọ yàrá ẹ̀ mẹ́ta ló ti fi nọ́ńbà yẹn pè mí rí tára wọn ò yá, wọ́n gba fóònù métírọ̀n, wọ́n ní, "Àǹtí, ẹ bá wa pe màmá wa."